Máàkì Kan Tí Kẹ́yìndé Fi Jù Mí Lọ

Àlùmọ́gàjí ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ Kẹ́yìndé. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi ṣeré ni, torí láti ogójì ọdún tí èmi àti ìbejì mi ti ń ránṣọ lórí tábìlì kan náà, bó bá fẹ́ kí n gbójú sókè, nǹkan ló máa ń sọ sílẹ̀. Mo ní, "Kẹ́yìn, bí àlùmọ́gàjí yẹn bá kán, ìwọ lo máa wá òmíràn o." Kò dáhùn. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì nà gbalaja sórí aṣọ tí à ń rán bíi pé ẹlòmíràn ló gbàgbé ọwọ́ síbẹ̀. Ó fẹ́ pe orúkọ mi. Ohun tó jáde dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu.

Ha, mo ké! Aláriwo ni mí, gbogbo ìlú Abẹ́-Àpáta ló mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo tí mo pa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi alára ò mọ̀ pé ó wà nínú mi.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti ń ké ṣáájú mi. Ó ń tàn pupa, ó ń sọ̀rọ̀: "Ẹ má fún un lómi. Ẹ má fún un lóúnjẹ. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. A ti gbéra." Ọmọ tuntun kì í pé ọjọ́ mẹ́jọ nílùú wa kí wọ́n tó so irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwa àgbà ni wọ́n so tiwa mọ́ pẹ̀lú ìjà. Mo ti bú ẹ̀gbà náà lójú oorun, mo ti bú u ní balùwẹ̀, mo ti fi àlùmọ́gàjí halẹ̀ mọ́ ọn rí. Láti ọjọ́ yẹn, n kò bú u mọ́. Bí mo bá jí, mo máa ń kí i.

Mo tẹ́ Kẹ́yìndé sórí ìdì aṣọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń ki í, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń bú u pé kó má dán irú ẹ̀ wò. Kí ọkọ̀ òfuurufú ibùdó ìlera, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Àṣá, tó balẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹnu Kẹ́yìndé ti padà sípò. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí.

"Táyé, kí ló dé tí o fi ń gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa?"

Ohùn rẹ̀ mọ́ geere. Mo ní, "Èmi? Èmi lo tún ń bi léèrè?" La bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjì tó sọ̀ kalẹ̀ nínú Àṣá dúró, wọ́n ń wo àwa arúgbó méjì tó dùbúlẹ̀ sórí aṣọ tí à ń rẹ́rìn-ín, tí omijé sì ń bọ́ lójú wa. Mo dúpẹ́ fún ẹ̀rín yẹn. Mo ṣì ń dúpẹ́ fún un.

Ní ibùdó ìlera, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní ló jáde wá bá mi ní gbọ̀ngàn. Ojú wa ni ọmọ yìí ṣe dàgbà, Kẹ́yìndé ló sì rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ dúpẹ́. Rọpárọsẹ̀ ló fọwọ́ kan wọn tó sì lọ. Ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré kan ló há sínú ọpọlọ wọn, ó sì ti yọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n lè rìn, wọ́n ti ń bèèrè oúnjẹ."

Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun."

Ó ní, "Ó ṣeun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá, ó yẹ kó máà ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹni tó ń lo oògùn tí wọ́n ń lò, kò wọ́pọ̀ kí irú èyí ṣe é. Àfòyemọ̀ fẹ́ bá ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀."

Ẹ ò mọ Àfòyemọ̀. Kò lójú, kò lẹ́nu. Pátákó funfun kan ni lára ògiri, ihò kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí èèyàn ń ki ọwọ́ bọ̀. Bí o bá ti kiwọ́ bọ̀ ọ́, ó ti ka ẹ̀jẹ̀ rẹ, ó ti ka ìlù àyà rẹ, ó sì máa ń tibẹ̀ mọ ẹni tó ń parọ́, torí àyà òpùrọ́ máa ń sáré níbi tí kò yẹ. Àwọn ọkọ tó ń mu sìgá níkọ̀kọ̀ bẹ̀rù rẹ̀ ju ìyàwó wọn lọ.

Èmi àti òun ti jà rí. Oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbà ọwọ́ èmi àti Kẹ́yìndé ké láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, a sì lọ síbẹ̀ pọ̀. Ó ní àyà àwa méjèèjì ń lù ségesège, pé ó ń gbọ̀n níbi tó yẹ kó ti máa lù. Ó bi wá lọ́jọ́ orí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, àwa méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru? Àwa méjèèjì. Àtọ̀gbẹ? Kò sí. Rọpárọsẹ̀ rí? Ká má rí i. Ó ní: "Màmá, máàkì méjì. Oògùn bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bàbá, máàkì kan. Kò tíì tó."

Mo ní, "Dúró ná. Inú kan náà ni wọ́n ti bí wa. Ìkòkò kan náà la ti ń jẹun, iyọ̀ kan náà ló wà nínú rẹ̀. Kí ni tiẹ̀ fi jù tèmi?"

"Obìnrin ni wọ́n," ni Àfòyemọ̀ wí. "Máàkì kan wà fún jíjẹ́ obìnrin."

Kẹ́yìndé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Táyé, mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ, o fara mọ́ ọn. Mo wá tún jẹ́ obìnrin, ó wá ń dùn ẹ́?" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, Kẹ́yìndé lẹ̀gbọ́n, Táyé ni wọ́n rán wá tọ́ ayé wò. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í rán mi létí.

Ìbídùnní ló wá là á yé mi lọ́jọ́ náà. Ó ní bí àyà bá ń gbọ̀n dípò kó máa lù, ẹ̀jẹ̀ máa ń dúró sí kọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, á dì bí ògì tó ti tutù, bó bá wá já lọ sínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ó ní àwọn dókítà àtijọ́ ka àwọn tí wọ́n ní irú àìsàn yìí, wọ́n sì rí i pé ó ń mú àwọn obìnrin ju àwọn ọkùnrin lọ, pàápàá àwọn tó ti dàgbà, bó bá sì mú wọn, ó máa ń le. Wọ́n tún rí i pé wọn kì í tètè fún obìnrin ní oògùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá máàkì kan sí i. "Àwọn ìlú kan ti yọ ọ́ kúrò, Bàbá. Wọ́n ní ìyàtọ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ọjọ́ orí àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe pàtàkì. Àwọn onímọ̀ ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Níbí, a ò tíì yọ ọ́."

"Ẹ kúkú fún mi ní tèmi náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fà á."

"Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kì í jẹ́ kó tètè dá bó bá ń ṣàn. Ẹni tí kò nílò rẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀ sínú, kó sì gba ibẹ̀ lọ. Ìdí tí òfin fi ní kí máàkì pé méjì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kan lè bèèrè Ojú Ènìyàn. Dókítà mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n máa ń wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á jókòó, wọ́n á wo ọ̀rọ̀ yín fúnra wọn, wọ́n sì lè sọ ohun tí Àfòyemọ̀ kò sọ. Ṣé kí n kọ orúkọ yín?"

Èmi Táyé, mo ní n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí hóró oògùn. Mo wọ bàtà mi, mo jáde. Agídí ni wọ́n fi wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi.

Ọjọ́ kejì ni Kẹ́yìndé wọlé wá bá mi pẹ̀lú ìdajì hóró oògùn nínú bébà. Ó ní òun ti padà lọ bá Ìbídùnní, pé wọ́n ti gbà kí n máa lo ìdajì. "Ó ṣe tán, máàkì méjì ló gba odidi. Máàkì kan á gba ìdajì." Ẹ wò ó, ìṣirò náà dọ́gba létí mi! Èmi tí mo ń fi tépù wọn aṣọ láti kékeré, mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn." Láràárọ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án ni mo ń gbé ìdajì yẹn mì, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bí abẹ́rẹ́ bá gún mi níka, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá mọ́, n kò sì ro nǹkan kan sí i.

Ní báyìí, èmi àti Kẹ́yìndé jókòó síwájú pátákó funfun náà, Ìbídùnní dúró tì wá. Wọ́n ní kí Kẹ́yìndé kiwọ́ bọ̀ ọ́.

"Oògùn inú ẹ̀jẹ̀, ìdajì," ni Àfòyemọ̀ wí. "Páálí oògùn ń tán lásìkò. Odidi ló ń jáde nínú páálí, ìdajì ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Ta ló ń lo ìdajì kejì?"

Mo yíjú sí Kẹ́yìndé. Àjà ilé ló ń wò.

Gbogbo oṣù mẹ́sàn-án yẹn tò síwájú mi. Kò padà lọ bá nọ́ọ̀sì kankan. Oògùn tirẹ̀ ló ń fi ọ̀bẹ là sí méjì. Kì í ṣe pé ó tan mí jẹ nìkan ni. Òun ló yẹ kí oògùn náà dáàbò bò, ìdajì ò tó o, ìdajì ò sì tó mi. A jókòó sórí tábìlì kan náà láràárọ̀, à ń jẹ oògùn tí kò dáàbò bo ẹnì kankan.

Ẹ má bínú sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Bí wọ́n bá fún Táyé ní ẹran kan, ìyá wa á fi eyín gé e sí méjì. Bí àlejò bá fún Kẹ́yìndé nìkan ní nǹkan, ìyá wa á dá a padà fún àlejò, á ní, "Ẹ gbà, ẹ lọ mú ẹnì kejì rẹ̀ wá." Ohun tí wọ́n bá fún ọ̀kan nínú ìbejì, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ rí i gbà, kí inú wọn má baà bàjẹ́, kí ọ̀kan má baà lọ. Ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. A ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ọkọ rẹ̀ ti kú, ìyàwó mi náà ti lọ, àwọn ọmọ wa ti fọ́n ká, àwa méjì la kù nínú ilé bàbá wa, ìbẹ̀rù náà sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀.

"Mò ń gbàgbé ni," ni Kẹ́yìndé dáhùn. "Lọ́jọ́ kan màá lò ó, lọ́jọ́ kejì màá gbàgbé, màá dà á nù."

Àfòyemọ̀ ka ìlù àyà rẹ̀. Ó ní, "Ìlù àyà kò ṣe é kà. Kí ènìyàn dáhùn."

Ìbídùnní, ẹni tó kàn láti dáhùn dípò ẹ̀rọ, kọjú sí Kẹ́yìndé. "Mà, ẹ̀yin tí ẹ rántí iye bọ́tìnnì tó wà lára aṣọ ìgbéyàwó mi? Ẹ̀yin lẹ wá ń gbàgbé oògùn?"

"Ọjọ́ orí ni, ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì náà jókòó tì wá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Bí mo bá kọ ọ́ pé ẹ ń gbàgbé, Ilé Ìrántí ló kàn, ní Ọ̀dàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi oògùn sẹ́nu àwọn tó ń gbàgbé. Wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í padà wálé. Bí mo bá kọ ọ́ pé ẹ̀ ń fún ẹlòmíràn, òfin ní kí a dá oògùn dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́, torí àwọn tó ń tà á nígbà kan ni wọ́n ṣe ṣòfin náà. Mà, rọpárọsẹ̀ tó fọwọ́ kàn yín láàárọ̀ yìí ti fi máàkì méjì kún tiyín. Ẹ ti di mẹ́rin. Ọgbọ̀n ọjọ́ láìsí oògùn..."

Ṣé ẹ mọ ohun tí Kẹ́yìndé sọ? Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé o gbọ́? Mo ti fi mẹ́ta jù ẹ́ báyìí."

Mo ní, "Òpònú ni ẹ́!" Ojú mi kún fún omi.

Ìbídùnní dìde. Ó ní Àfòyemọ̀ gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn kí oòrùn tó kan àtàrí, pé òun á padà wá. Bó ṣe ku àwa méjì, mo kọjú sí i, mo fa ìjà. "Ta ló rán ọ? Ta ló bẹ̀ ọ́? Ìwọ ni rọpárọsẹ̀ fẹ́ gbé lọ láàárọ̀ yìí, èmi kọ́!"

Ó ní, "Pariwo dáadáa, kí gbogbo ilé gbọ́."

"Kẹ́yìn!"

Ó wá fọwọ́ bo ojú. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kéré, n kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. "Mo gbìyànjú, Táyé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé odidi sẹ́nu. Kò gbà lọ́fun mi. Mo rí ọ níta tí ò ń to aṣọ, mo ní, bí nǹkan bá ṣe ọ́, bí wọ́n bá wá bi mí pé kí ni mo fún ọ, kí ni màá wí? Mo tu ú sọ́wọ́, mo là á. Ìgbà tí mo là á ló tó gbà lọ́fun mi."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí i? Inú bí mi, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ èyí tí ǹ bá gbé ṣáájú. Mo jókòó tì í, mo fi èjìká kan tirẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà, ó sì wà lára ògiri níwájú wa, nínú ìwé òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá fipá gba oògùn ẹlòmíràn, olóògùn kò jẹ̀bi, a kò sì ní dá oògùn rẹ̀ dúró. Ẹni tó gbà á ni yóò jìyà. Kò ní rí Ojú Ènìyàn fún ọdún kan gbáko.

N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo fi Ojú Ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárọ̀ yẹn, lẹ́yìn tí mo rí ẹnu ìbejì mi tó wọ́, kò sí ohun tí ọkàn mi fẹ́ ju kí n wólẹ̀ níwájú dókítà mẹ́ta yẹn lọ, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n dé. Àbúrò bàbá wa dùbúlẹ̀ fún ọdún méje, wọ́n ń yí i bí ìgbà tí èèyàn ń yí iṣu nínú iná. N kò fẹ́ dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ro tèmi, mo tún un rò. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ń tún ìró rẹ̀ ṣe, ọwọ́ tó nà gbalaja láàárọ̀, tó ti tún ń ṣiṣẹ́. Mo dìde, mo lọ ki ọwọ́ mi bọ ihò.

Ìbídùnní ń wọlé bọ̀. Mo ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń fi ipá gba ìdajì. Kò fẹ́, èmi ló fipá mú un."

Kẹ́yìndé fò dìde. "Irọ́ ni!"

"Oògùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ Bàbá, ìdajì," ni Àfòyemọ̀ wí. Mo rò pé ó ti mú mi. Mo mọ bó ṣe mú Bàbá Ládẹjọbí tó ní òun ò mutí, mo mọ bó ṣe mú ìyàwó pásítọ̀. Àyà mi ń já, ó ń ta, ó ń sáré, ó ń dúró. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Ìlù àyà kò bá òtítọ́ mu. Ìlù àyà kò bá irọ́ mu. Kò ṣe é kà. Kí ènìyàn dáhùn."

Mo ti gégùn-ún fún àyà yìí, ẹ gbà mí gbọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo dúpẹ́ pé kì í lù déédéé nìyẹn. Ẹ̀rọ tó mọ irọ́ gbogbo Abẹ́-Àpáta kò lè mọ tèmi, torí pé kò sí ìgbà tí àyà mi kì í ṣe bí àyà òpùrọ́.

Ó wá ku Ìbídùnní. Ó wò mí, ó wo Kẹ́yìndé, ó tún wò mí.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fipá gba nǹkan lọ́wọ́ Màmá yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tan rédíò?"

"Ìbídùnní, mo ní èmi ni."

"Ẹ mọ̀ pé ọdún kan ni? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí Ojú Ènìyàn dé. Mo ti fẹ́ kọ orúkọ yín tẹ́lẹ̀, bí ẹ gbà, bí ẹ kọ̀."

Èyí dùn mí, kí n má tàn yín. Ṣùgbọ́n mo ti ṣírò rẹ̀. "Oṣù mẹ́jọ ló kù kí n pé ọdún márùndínláàádọ́rin. Ìwọ lo sọ fún mi pé ọjọ́ orí yẹn ní máàkì tirẹ̀. Ṣé ọjọ́ orí náà nílò Ojú Ènìyàn?"

Ó mi orí. "Kò nílò ẹnikẹ́ni, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá ti pé e, ẹ ti pé méjì."

"Kọ ọ́ nígbà náà."

Ó kọ ọ́. Ọmọ yìí mọ̀ pé irọ́ ni, ó mọ̀ pé mo mọ̀ pé ó mọ̀, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́, ohun tó fà á nìyí. Àfòyemọ̀ ní, "Ó wọlé. Oògùn Màmá, odidi, kí ó máa lọ." Páálí tuntun sì bọ́ jáde lábẹ́ ògiri.

Lẹ́yìn náà, Ìbídùnní tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kì mí nílọ̀. Kí n dín iyọ̀ kù. Kí n má fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lọ́jọ́ kankan. Bí ọwọ́ bá kú tipiri, bí ẹnu bá wọ́, kí n má dúró wòran. "Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ní máàkì kan bíi tiyín, Bàbá, bóyá ẹnì kan ni rọpárọsẹ̀ máa ń mú lọ́dún kan, tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù jù."

Kẹ́yìndé ní, "Ẹnì kan yẹn, kí ló ní kó má jẹ́ Táyé?"

Ẹsẹ̀ la fi rìn délé, a gba ọ̀nà odò. Nígbà tí a sọdá afárá, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ mi mú, agbára sì wà nínú ọwọ́ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìka márààrún, mo kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn mi.

Ilẹ̀ mọ́. Ó jókòó sí tábìlì ìdáná pẹ̀lú ife omi àti hóró oògùn kan nínú àwo. Mo dúró ti ilẹ̀kùn, mò ń ṣe bí ẹni tó ń wá bàtà. Ó gbé e sẹ́nu. Ó mu omi. Ọ̀fun rẹ̀ kò gbé e. Ó tu ú padà sọ́wọ́, ó tún gbìyànjú, omi dà sí i láyà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé e kalẹ̀, mo sì rí ojú rẹ̀ tó lọ sí ibi tí ọ̀bẹ wà.

Mo ní, "Má dán an wò."

"Táyé, kò gbà. Ìwọ ńkọ́? Kí ni tìrẹ?"

Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Obìnrin tí kò bẹ̀rù òfin, tí kò bẹ̀rù ẹ̀rọ, ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́ta tó di ẹran rẹ̀ mú tó ń wo ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n mú ẹnì kejì rẹ̀ wá. Bí n kò bá rí nǹkan ṣe, ó máa là á. Bí kò bá là á lónìí, á là á lọ́la nígbà tí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo irọ́ tí mo pa mọ́ ara mi yóò sì ti ṣòfò.

Ìkòkò ẹ̀wà alẹ́ àná wà lórí ààrò. Mo ṣí i, mo fi ìka méjì mú ẹyọ ẹ̀wà kan nínú rẹ̀, mo fi omi ṣàn án. Mo bu omi sínú ife tèmi. Mo fa àga, mo jókòó níwájú rẹ̀, mo gbé ẹyọ ẹ̀wà náà sórí àwo tèmi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó hóró tirẹ̀.

Mo ní, "Tìrẹ nìyẹn. Tèmi nìyí. Ọ̀kan, ọ̀kan."

Ó wo ẹ̀wà. Ó wò mí. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín, tàbí kó bú mi. Ó ní, "Odidi ni tìrẹ?"

"Odidi ni. Wò ó."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, bó ṣe máa ń yẹ ojú abẹ́rẹ́ wò. Ó wá gbé tirẹ̀ sẹ́nu. Mo gbé tèmi. A gbé ife lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rí ọ̀fun rẹ̀ tó lọ sókè tó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ó la ẹnu kí n wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi náà la tèmi.

Ó ní, "Tèmi korò. Ṣé tìrẹ korò?"

Mo fa ojú ro. Mo ní, "Kẹ́yìn, ó korò ju tìrẹ lọ."